Ogójì Nọ́ọ̀tì

Ogún ọdún ni Jawa Bohumil fi dúró nínú àká
ní abúlé wọn lápá gúúsù Moravia,
àpò ọ̀dùnkún ló bò ó, adìẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀.
Bohumil ti lọ. Irin kò bá a lọ.

Květa ṣí ìdérí táǹkì, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú:
pupa fòò, bí ọ̀fun ẹni tí ikọ́ ń bá jà.
Bẹ́ẹ̀ lóde, ọ̀dà ṣì ń dán,
ìlà wúrà tín-ín-rín ṣì yí i ká.
Kòkòrò tí ń jobì, inú obì ló wà.

Ó da ọtí kíkan sí i, líta mẹ́fà,
ó ka ogójì nọ́ọ̀tì, ó rọ́ wọn sí i lẹ́nu,
ó dí i pa, ó gbé e jó.
Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀,
ajá Oldřich aládùúgbò gbó títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọjọ́ mẹ́ta. Omi tó tú jáde dà bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná.
Ó tún ka nọ́ọ̀tì sínú páànù:
mọ́kàndínlógójì.

Ó dorí táǹkì kodò. Ó mì ín. Ó fi òòfà tọ ọ́ kiri.
Oldřich ní, “Fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un, jàre.
Bàbá ẹ náà, ṣé gbogbo ohun tó gbé mì ló pọ̀?”
Květa kò dá a lóhùn.
Ọdún méjì wà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé;
kò sẹ́ni tó gbọ́ ibi tó wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú.

Agogo mọ́kànlá òru, ó ń wá ìṣáná nínú àpò épírọ́ọ̀nù:
nọ́ọ̀tì. Ó tutù. Ibẹ̀ ló ti wà látàárọ̀ ọjọ́ kìíní.
Ó bú bàbá rẹ̀, ó bú ara rẹ̀,
ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó fi omi sódà ṣan án,
ó fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ gbẹ,
torí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá kù
ni yóò tún lọ pe ìpáàrà wá.
Ó wá da oje ìdíhò sí i, funfun, ó ki bí ẹ̀kọ tó fẹ́ dì.
Ó ń yí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀,
ọ̀tún, òsì, orí, ìdí,
bí ìyá àgbà tí ń wẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ,
tí kì í gbàgbé abíyá, tí kì í gbàgbé ẹ̀yìn etí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kó fi gbẹ.
Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, lórí àga Bohumil,
ó ń bu ọbẹ̀ jẹ níwájú rẹ̀.
Kò bi í ní nǹkan kan.