Kan Ilẹ̀kùn Náà Lẹ́ẹ̀kan Sí I

Láti ìparí oṣù kọkànlá ni oòrùn ti kẹ̀yìn sí wa,
ó di inú ọdún tuntun kó tó yọjú.
Ní Senja, òkùnkùn kì í ṣe àlejò,
a jọ ń jẹun ọ̀sán ni.
Igi tí a ń sá panla sí dúró lófìfo lẹ́yìn ilé
bí egungun ìhà ẹranko tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìyá bàbá mi, Torgunn, á rẹ iná àtùpà wálẹ̀,
á tún awò ojú rẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ kàwé,
bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ó ń bọ̀ láti etíkun. Kò lórí.
Koríko òkun ló hù síbi tí orí wà tẹ́lẹ̀.
Omi ń kán tó, tó, tó lára aṣọ rẹ̀."

Ara mi á bù máṣọ.
Mo fi ìka di etí méjèèjì,
mo sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kan má bàa bọ́ sílẹ̀.
Ta ló rán mi níṣẹ́? Kò sẹ́ni tó rán mi.
Bí ahọ́n ọmọdé ṣe ń lọ bá eyín tó ń mì,
tó ń dùn ún, tó tún ń dùn mọ́ ọn,
bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ bá ẹ̀rù náà.
Àyà mi ń sáré bí ẹni ikú ń lé,
ẹsẹ̀ mi sì wà nínú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn,
mílíìkì gbígbóná lọ́wọ́ mi.
Àyà kò mọ̀ pé irọ́ ni.
Ìgbà tí etí bá ta á lólobó,
ẹ̀rín ní í bú jáde,
ẹ̀rín ẹni tó yè nínú ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Sunniva aládùúgbò kì í rẹ́rìn-ín.
Orí àga tó súnmọ́ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí,
tí á máa hun ìbọ̀wọ́ kan tí kò tán láti ọdún tó kọjá.
"Jẹ́ kó kan ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i," ni yóò wí.
Ìyá àgbà á sì fi ìka lu tábìlì: kó, kó, kó.

Mo rò pé ó láyà ju gbogbo wa lọ ni.
Mo ti dàgbà kó tó yé mi:
òkú inú ìtàn mọ̀nà ilé.
Ti Audun ọkọ rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí,
àti bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ kan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ìtàn parí, mo ti ilẹ̀kùn tiwa lẹ́ẹ̀mejì,
mo tún fi àga gbè é lẹ́sẹ̀.
Mo yọjú lójú fèrèsé.
Ilẹ̀kùn Sunniva ṣí díẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ ń jáde sórí yìnyín,
òtútù burúkú ń wọlé lọ bá a,
kò sì dìde láti tì í.