Ìwọ̀n Eku

Òtútù ìlú Ulaanbaatar kò mojú ẹnikẹ́ni.
Ó bù mí létí, ó bu àbúrò mi nímú,
bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀
níbi tí Ochir ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà.
Owó oṣù mọ́kànlá wà nínú ìbọ̀sẹ̀ mi.
Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń po ìyẹ̀fun;
búrẹ́dì ẹlòmíràn ló wú kí owó yìí tó wú.

Dölgöön ti kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìṣirò,
bí ẹni ń ka orúkọ àlejò tí yóò wá jẹun.
Káàdì àwòrán ló ṣíwájú, ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Lẹ́yìn náà, àpótí onígíláàsì,
fáànù mẹ́fà tí ń tàn pupa, tí ń tàn bí aró,
kíbọ́ọ̀dù tí ń dún kọ́kọ́kọ́ bíi pátákò ẹṣin lórí yìnyín.
Mo ní, "Ẹ̀rọ tí yóò máa fún un níná ńkọ́?"
Ó ní, "Èyíkéyìí."

Ẹ gbọ́ o. Èyíkéyìí!
Ní àdúgbò wa lórí òkè, níbi tí iná ìjọba
ti ń gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó lára ife tíì,
ni ó fẹ́ fi èyíkéyìí gba iná sára.
Ta ní ń ra ẹṣin tí kì í kọ́kọ́ bèèrè koríko?

Ochir wò wá láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀.
Kò purọ́ fún wa, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu.
Ó gbé káàdì àlòkù kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta:
"Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wa owó ni eléyìí ti wá.
Tọ̀sán-tòru, ọdún méjì, kò sinmi.
Mo ti pààrọ̀ fáànù rẹ̀. Bó bá kú kí oṣù mẹ́ta tó pé,
ẹ gbé e padà."
Mo gbóòórùn rẹ̀: eruku, àti nǹkan bí irun tó jóná.
Mo ní, "A ó rà á. Òun náà mọ iṣẹ́ òru."

Ìgbà náà ni ìjà bẹ́.
Dölgöön dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni,
ó mọ bí a ti ń fi ìdákẹ́ gúnni.
Mo ka owó, mo tún un kà;
owó kì í bímọ nítorí pé a tún un kà.
Níkẹyìn ó mú gègé, ó pa àga rẹ́.
Ó pa gíláàsì rẹ́.
Ó dé orí àwọn fáànù, ó dúró,
ó pa márùn-ún rẹ́, ó ṣẹ́ ẹyọ kan kù.
Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.
N kò bá a jà lórí ẹyọ kan yẹn.

Nílé, ìyá àgbà Dulmaa bèèrè ohun tó wà nínú àpò kékeré.
"Eku ni, Ochir fi ta wá lọ́rẹ."
"Eku! Nínú ilé tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn!"
A tò ó tán, ìka Dölgöön ku díẹ̀ kó kan bọ́tìnì,
iná lọ.
Wákàtí méjì, èédú nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú sítóòfù.

Nígbà tó dé, fáànù kan ṣoṣo tàn bí aró,
ẹ̀yìn káàdì sì ń tú atẹ́gùn gbígbóná.
Ìyá àgbà wò ó títí.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀.
"Ṣé èédú tirẹ̀ kò wọ́n jù báyìí?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ogun ń lọ lójú ẹ̀rọ.

Aago mẹ́ta òru, mo dìde.
Dölgöön ti sùn lórí kíbọ́ọ̀dù.
Mo wọ ìbọ̀wọ́ náà jáde sínú yìnyín,
ó ṣì gbóná.