Ipele Kẹtàdínlógójì

Tírélà ló gbé e dé Olódó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
apá irin kan ṣoṣo, kò lórí, kò lẹ́sẹ̀,
wọ́n fi tapólì dì í bí aláìsàn.
Ọlámìítàn tó ni iṣẹ́ kò tilẹ̀ yà á wò.
Ìgbín ló gbé lé tábìlì,
ó ń fi ìka tọ ìlà tó yí lára ìkarahun:
“Bọ̀ọ̀dá Múfútàù, bírikilà wo ló kọ́ èyí?
Kò ta okùn, kò gbé pákó,
etí ilé ló ti ń fi kún un, díẹ̀díẹ̀,
bó ti ń dàgbà ni yàrá ń gbòòrò.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún nídìí búlọ́ọ̀kù!
Ṣùgbọ́n mo ronú kan ọ̀rọ̀ náà lóru:
àwa tí wọ́n ń kì ní ọmọ ajìgbínyó,
a jẹ ẹran, a fi ilé rẹ̀ mu ẹ̀kọ,
a kò bi í léèrè bó ti kọ́ ọ.

Òwúrọ̀ Sátidé, jẹnẹrétọ̀ bú, apá irin jí.
Amọ̀ pupa tá a fi pòròpórò gígé pò
ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ ìfọyín,
ó ń yípo, ó ń yípo,
kò làágùn, kò tọrọ owó oúnjẹ.
Ògiri ń tẹ̀ sínú, kò wó.
Mo fẹ́ kó wó. Kí n má purọ́.

Ní ipele kẹtàdínlógójì, epo tán.
Apá náà dúró sókè, amọ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀
bí ọmọ tó sùn lórí oúnjẹ.
Òjò ti ṣú lápá Ọ̀gbẹ̀rẹ̀.
Ọlámìítàn wò mí.

Mo bọ́ bàtà.
Mo ki ọwọ́ bọ amọ̀,
àtàǹpàkò mi rántí ohun tí orí mi ti gbàgbé:
bàbá mi, l'Ókè Àrẹ̀mọ, tó ń tẹ ògiri
bí ẹni ń tẹ ikùn ọmọ tó ń ké.
Mo fà á yí ká bí ìgbín,
títí ìlà fi bá ìlà.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ fọwọ́ pa á:
ó gún régé bí òwú ara kẹ̀kẹ́,
àfi ibì kan, tó tó àyà mi,
tó rí wúruwùru.
Mo ní kí n rẹ́ ẹ. Ọlámìítàn ní rárá.
Ibẹ̀ sì ni àwọn ìgbín ń lẹ̀ mọ́
bí òjò bá ti dá.