Yàrá Tí Ìwé Ní Ó Ṣófo

Ní Inari, níbi tí oòrùn ti ń gba ìsinmi oṣù kan gbáko,
Tellervo ń gba ohùn yìnyín adágún sínú ẹ̀rọ.
Èmi ni mo kọ ètò tó ń pín àyè fún un.
Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Díìsìkì kì í ṣe àpò tí a kàn ń da nǹkan sí.
Ilé ni, yàrá rẹ̀ pọ̀ bí irun orí,
gbogbo wọn dọ́gba, kò sí ńlá, kò sí kékeré.
Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò ju èékánná lọ,
odindi yàrá ni yóò gbà;
ìyókù yàrá a máa tutù lásán,
ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀.
Mo mọ̀ pé ìnákúnàá ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.

Ètò mi ní ìwé kan lọ́wọ́, òdo àti oókan ló kún inú rẹ̀:
oókan, onílé wà nílé;
òdo, wọlé máa bọ̀.

Yìnyín kì í ké lọ́jọ́ tí a bá ń retí rẹ̀.
Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ ètò náà láti máa tètè gbàyè:
kí aago méjìlá òru tó lù,
kó ti sàmì sí ẹgbẹ̀rún yàrá tó tò tẹ̀lé ara wọn,
bí ẹni fi fìlà sórí àga kó tó jáde lọ mumi.
Níbi tí àyè bá ti já, ohùn a fọ́nká,
díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún,
abẹ́rẹ́ tó ń kà á a sì máa sáré kiri
bí ìyá tó ń wá ọmọ láàárín èrò.

Lọ́jọ́rú kan, ọwọ́ Tellervo ṣì.
Fáìlì tó fẹ́ pa kọ́ ló pa.
Ohùn Uula Sarre ló pa, darandaran àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù,
tó ti kú láti ọdún méjì:
wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún
tó fi ń ka orúkọ àwọn erékùṣù adágún
ní èdè tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò lè kún gbọ̀ngàn kan.

Ó pè mí. Ẹkún ò jẹ́ kó parí gbólóhùn.
Mo ní: "Má fọwọ́ kan nǹkan kan.
Pípa tí o pa á yẹn, irọ́ ni.
Orúkọ la yọ nínú ìwé, oókan la sọ di òdo.
Bàbá ṣì jókòó sínú gbogbo yàrá rẹ̀,
ó ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn.
Ilẹ̀kùn nìkan ni a kò mọ̀ mọ́."

Ó ní, "Aago mélòó lù?"
Mo wo ògiri.
Méjìlá ku ìṣẹ́jú kan.

Ètò mi, ọmọ onígbọràn!
Ó ti ṣí ìwé, ó ń wá òdo tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́,
àyè gbọọrọ tí kò já.
Níbo ló tún gbọọrọ tó ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Uula?
Àyè ni mo kọ́ ọ láti wá.
N kò kọ́ ọ láti béèrè bóyá ohun ààyè wà níbẹ̀.

"Fa wáyà! Fà á tu!"

Mo gbọ́ nǹkan tó ṣubú. Mo gbọ́ èémí rẹ̀.
Yìnyín, tó ti dákẹ́ láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta,
ti là lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kú.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan.
A rí bàbá kó jọ, àfi ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá.
Ó ní, "Lẹ́yìn èyí, tí o bá kọjú sí ìlà-oòrùn, wàá rí—"
yìnyín bá sán, gbàràrààà, lábẹ́ omi jíjìn,
bàbá húkọ́,
ó bọ́ sórí erékùṣù mìíràn.

A bi àwọn ọmọ rẹ̀. Ohùn wọn kò ṣọ̀kan.
Máàpù kò dárúkọ rẹ̀.
Tellervo kò jẹ́ kí n gé yìnyín náà kúrò.

Mo ti tún ètò náà kọ:
yàrá tó bá ṣófo, kó sinmi ọjọ́ méje kó tó gba àlejò.
Díìsìkì ń tètè kún báyìí.
A ti béèrè òmíràn; wọ́n ní ó di oṣù karùn-ún,
tí adágún bá yọ́.