Má Pa Á Rẹ́

Làdí, fa ìjókòó rẹ súnmọ́ mi.
Jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́, epo rẹ̀ kò ní pẹ́ tán,
ọyẹ́ sì ti da eruku Samaru bo ojú kọ̀ǹpútà.
Fi etí aṣọ nù ún ká tó bẹ̀rẹ̀:
ẹni tó ń wo àwòrán láti inú eruku
yóò máa fọ ohun tí kò dọ̀tí.

Wo ìyàwó yìí. Wọ́n ní ká gbé e kúrò níwájú ògiri alámọ̀,
ká gbé e síwájú òdòdó.
Ọwọ́ rẹ ti ń sáré lọ síbi ìparẹ́.
Dúró.
Ohun tí o bá fi ìparẹ́ nù ti lọ nìyẹn,
omi tó dà sórí iyanrìn.
Ìbòjú ni kí o mú.
Ìbòjú kì í pa nǹkan, aṣọ fèrèsé lásán ni.
Dúdú ni a fi ń bò, funfun ni a fi ń ṣí,
àwọ̀ eérú sì ni ti ohun tó fẹ́ hàn tí kò fẹ́ hàn tán,
bí ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbé sí èjìká rẹ̀ yẹn.

Má fi búrọ́ọ̀ṣì líle tọ etí irun.
Irun kì í ṣe odi Zaria.
Jẹ́ kí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì rọ̀ bí òwú,
dín agbára rẹ̀ kù, máa fi kàn án díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń fi àdí pa ọmọ tuntun lára.
Súnmọ́ ọn títí ojú rẹ̀ yóò fi di bíríkì wẹ́wẹ́,
kí o tún jìnnà sí i.
Àṣìṣe tí o kò rí nítòsí, òkèèrè ni yóò ti pè ọ́.
Òjìji ńkọ́? Ẹni tí kò ní òjìji, iwin ni.

O ní ó ti yé ọ.
Kò tí ì yé ọ.

Lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ títì yìí tí wọn ò dí i,
Mallam Habu mú fọ́tò Iléyá wá,
òun àti Tanko àbúrò rẹ̀, babanríga aláwọ̀ ewé kan náà.
Ilé bàbá wọn ti dá ìjà sílẹ̀.
Ó ní, "Yọ ọ́. Mi ò fẹ́ rí i."
Mo gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà, mi ò bèèrè ọ̀rọ̀.
Orí lọ, àyà lọ, bàtà lọ.
Ó wá ku ọwọ́.
Ìka mẹ́rin Tanko wà lórí èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
wọn ò tẹ̀lé ẹni tó ni wọ́n lọ.
Mo jí aṣọ láti èjìká kejì, mo yí i padà, mo fi lẹ̀ ẹ́.
Iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀.
Mallam ò rí i. Èmi ṣì ń rí i.

Ọyẹ́ kẹta ló padà wá.
Kò jókòó. Ó di fìlà rẹ̀ mú bí ẹni gbé ẹyin.
Jàǹbá ọkọ̀ ni, lọ́nà Funtua.
"Mo ti ya fọ́tò tó wà nílé," ló wí.
"Ìwọ náà ti pa á rẹ́, àbí?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo wá fáìlì náà kàn,
mo fi funfun kan ìbòjú lẹ́ẹ̀kan.
Fìlà ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn rẹ̀, èjí ẹnu rẹ̀.
Nígbà tí mo ká abulẹ̀ èjìká kúrò, tí ìka mẹ́rin jáde,
Mallam gbé ọwọ́ lé èjìká ara rẹ̀,
ibẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, má tẹ àwọn ìpele pọ̀ mọ́ra wọn.
Ẹ̀dà kékeré ni kí o fún oníbàárà, tọ́jú èyí ńlá.
Kí o sì kọ orúkọ sí wọn lára:
"ìpele kẹtàdínlógún" kì í ṣe orúkọ ènìyàn.

Ó ti tún wúkọ́. Fi iṣẹ́ pamọ́ kí iná tó kú.
Ìyàwó náà ṣì ń dúró de òdòdó rẹ̀.