Àga Méjì ní Winnipeg

Ogún dọ́là ni Halyna gbà lọ́wọ́ mi.
"Ìbejì ni wọ́n," ó ní,
ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ yìnyín lójú.

Nínú gáréèjì, mo ha ọ̀dà funfun, mo kan àwọ̀ ewé;
mo ha àwọ̀ ewé, mo kan dúdú;
abẹ́ dúdú ni igi ti lajú
bí ẹni tó sùn jù.

Bàbá mi, káfíńtà Ìlárá, a máa ní:
kí o tó bi igi ní orúkọ, gbóòórùn rẹ̀ ná.
Mo gbóòórùn.
Óòkù ni ọ̀kan, ó ń ta bí ọtí àtijọ́.
Páìnì lásán ni ìkejì.
Òdòdó ẹ̀yìn tàkọ́kọ́ ní ewé mẹ́fà,
tìkejì, méje.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Méje.
Mo dojú rẹ̀ dé:
àpótí ápù ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀,
òǹtẹ̀ pupa ọlọ́jà ṣì hàn níbẹ̀.

Mo padà lọ bi í.
Halyna dákẹ́ títí tíì rẹ̀ fi tutù.
"Ọdún tí èédú tán, a fi ọ̀kan yáná.
Oṣù mẹ́ta ni bàbá fi jẹun lórí ìdúró
kó tó mú ọ̀bẹ."

Mo fi gúlúù sí oríkèé, mo fi okùn dì í,
mo fi òróró pa á.
Ewé keje, mo ní kí n ha á dànù.
Ọwọ́ mi kọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Halyna wá,
ó wo méjèèjì,
ó lọ jókòó sórí ayédèrú.