Ta Ni Ó Ń Jábọ̀ Fún?

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá pè mí, ní àjà kẹrin, ní Màrínà.
Ó ní, "Abọ́sẹ̀dé, kó gbogbo wa sínú kọ̀ǹpútà:
orúkọ, ipò, ẹ̀ka, nọ́ńbà fóònù, àwòrán ojú,
àti ẹni tí kálukú ń jábọ̀ fún,
kí ará Àpápá tó ń wá ará Màrínà
yé pariwo orúkọ kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù."
Mo ní ó dára, sà. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.

Orúkọ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀, tèmi ni.
Ẹ̀rọ gbà á, ó gbọn àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ dànù
bí ẹni gbọn eruku kúrò lára bàtà.
Mo tún un tẹ̀. Ó tún gbọn wọ́n nù.
Mo wá lọ kọ ọ́ síbòmíràn,
mo gbé e wá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀.
Ó jókòó wàyí: Abọ́sẹ̀dé,
tòun ti bàtà méjéèjì lẹ́sẹ̀.

Ìyá Ẹ̀ka Owó kò gbà kí n ya òun.
"Èyí tí mo yà lọ́dún tí mo wọlé ni kí o fi síbẹ̀."
Mo fi í síbẹ̀, irun kòlẹ́sẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀.
Ta ni yóò dá a mọ̀? Òun ṣáà dá ara rẹ̀ mọ̀.

Àwọn máníjà ní tiwọn, ìlà ni wọ́n ń bá mi jà sí.
Mo fa ìlà láti ọ̀dọ̀ Jẹ́nríyìn sókè sí Ọláìtán,
fóònù dún.
Mo pa ìlà rẹ́, mo fà á padà lódìkejì,
fóònù tún dún.
Ìlà tín-ín-rín, kò tó okùn aláǹtakùn,
àwọn méjì tó ti ń jẹun nínú abọ́ kan láti ọjọ́ pípẹ́
kò kí ara wọn mọ́ lórí àtẹ̀gùn.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Bàbá Géètì.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣí ọ̀nà fún wa.
"Bàbá, kí ni orúkọ yín?"
Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ni mo ń bá wí.
Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tú owó létí aṣọ:
"Sẹ̀tọ́njí. Sẹ̀tọ́njí Pósù. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí."
"Ẹ̀ka wo lẹ wà?"
"Ẹnu ọ̀nà."
"Ta ni ẹ ń jábọ̀ fún?"
"Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọn fèrè mọ́tò."
N kò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹnìkan yọrí lójú fèrèsé:
"Ọ̀gbẹ́ni Pósù, ẹ káàárọ̀ o!"
Géètì pẹ́ kí ó tó ṣí. Bàbá ń wá ẹni tí wọ́n ń kí.

Ó wá ku Ṣówándé, ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ẹrù.
Nínú ọyẹ́ èṣí ló lọ.
Ní gbàgede tí ẹ̀ka wọn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn ṣì dúró síbẹ̀, aago méje kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀:
"Mo ń bọ̀. Ẹ bá mi fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."
Ẹnìkan dáhùn pé, "Ó wà lábẹ́ ìgò omi."

Mo fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀.
Ẹ̀rọ bi mí léèrè: Ṣé kí n pa á rẹ́?
Ikú ti pa á,
kò pa á rẹ́,
èmi ni wọ́n fi ìyẹn lé lọ́wọ́.
Lójú fèrèsé, ọkọ̀ ojú omi kan ń rọra gba ojú ọ̀sà kọjá.
Mo wo níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ń jábọ̀ fún sí.
Mo nu orúkọ máníjà kúrò níbẹ̀. N kò kọ nǹkan kan dípò rẹ̀.

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ṣé ó ti parí?"
"Ó ku ẹnìkan, sà."